Etí Ife Tó Kù Lórí Asẹ́

Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú. Níbi iṣẹ́ wa, Ajílẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ajílẹ̀ là ń ṣe níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó o. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ọ̀pá. Ìtàn tiẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní parọ́: mo jowú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ibi tí mo ti ń yìn ín, kó mọ̀ pé ó dùn mí bí mo ṣe ń yìn ín.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni láti kékeré. Kì í jà. Bí wọ́n bá ń pín nǹkan nílé, kì í na ọwọ́. Ìyá wa á wá wo ojú rẹ̀, á sì bù sí i fún un. Èmi tí mo na ọwọ́, wọ́n á ní ojú mi le. Nígbà tó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì fún ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló ń ru ìyẹ̀fun, òun ló ń pò ó, òun ló ń ti búrẹ́dì bọ inú iná. Ilé búrẹ́dì náà kógbá wọlé. Ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, kò ráhùn lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo lọ bá ọ̀gá wa pé mo ní àbúrò kan nílé, ó lágbára, kì í mutí. Wọ́n gbà á. Èmi ni mo mú un wọlé. Ẹ má gbàgbé ìyẹn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ti gbàgbé.

Ọgbà ńlá kan ni ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n da kọnkéré sílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi páànù bo apá kan. Ọkọ̀ ló ń kó nǹkan wá fún wa: èèpo èso, ewébẹ̀ tó ti rà, koríko gígé, oúnjẹ àjẹkù láti àwọn ilé oúnjẹ. A ó dà á ní òkìtì gígùn, a ó bomi rin ín, a ó máa fi fọ́ọ̀kì yí i. Ooru á mú nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á di ilẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn olóko á wá rà á.

Ooru yẹn ni iṣẹ́ náà. Mo ní ọ̀pá irin kan tó gùn tó mi. Láràárọ̀, n óò tì í bọ àárín òkìtì, n óò fi í síbẹ̀ títí n óò fi wọ bàtà òjò mi tán, n óò fà á yọ, n óò wá di orí rẹ̀ tó wà nínú mú. Bí mo bá lè dì í mú kí n kà dé ẹ̀wá, òkìtì yẹn ti sùn, kí a yí i. Bí mi ò bá lè kà dé ẹ̀ta, ó ti gbóná jù, kí a bomi sí i. Àrún ló dára. Kò sí ìwé nínú rẹ̀. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Nítorí ọ̀pá yẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ọ̀pá.

Mo kọ́ àbúrò mi ní gbogbo rẹ̀. Mo tún kọ́ ọ ní ohun kan, òun ló sì dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Bí òkìtì bá jẹrà tán, a ó fi asẹ́ onírin ńlá sẹ́ ẹ. Èyí tó bá já sílẹ̀, a tà á. Èyí tó bá kù lórí asẹ́, egungun, kóró èso, igi wẹ́wẹ́, a kì í dà á nù. Inú bárò là ń kó o sí, a ó sì dà á sínú òkìtì tuntun. Ó ti mọ iṣẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí tuntun tètè gbóná. Ìyá òkìtì là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ mi ṣe kọ́ mi.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwúkàrà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe nílé búrẹ́dì. A máa ń fi tàná pọn tòní."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà yẹn, abẹ́ mi ló wà.

Obìnrin kan wà nídìí asẹ́. Ìyá Alásẹ́ la ń pè é. Opó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bó bá rí ṣíbí nínú ìdọ̀tí, á pariwo pé, "Ta ló jẹun débi pé ó gbé ṣíbí mì?" Gbogbo ọgbà á sì rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí òfin fi dé.

Orúkọ gígùn ni wọ́n fún un. Mi ò lè pè é. Òfin ife ni mo ń pè é. Ẹ mọ ife tí wọ́n fi ń ta tíì àti kọfí, tí èèyàn á mu tán tí á sọ ọ́ nù. Àwọn tó ń ṣe é ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú kan tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà. Wọ́n ń ṣe abọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣe àpò bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ká kọ ọ́ sí nǹkan lára ò ní kó jẹrà. Ojú gọ́tà ló wà, ó ń wò wá. Òfin wá ní: ẹ̀yin tí ẹ ṣe é, ẹ̀yin ni kí ẹ kó o jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Ẹ wá ibi tí yóò ti jẹrà. Ẹ gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Kí ẹ sì mú ẹ̀rí wá pé ó jẹrà. Bí kò bá jẹrà, ẹ lọ tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Òfin yìí ní kí ẹni tó ṣu wá kó o. Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà á.

Ọ̀gá wa, obìnrin ni, Màdáámù la ń pè é. Ó kó wa jọ sábẹ́ páànù. Ó ní ọgbà wa làwọn oníife mú. Ó ní òfin ń fẹ́ ẹnì kan tí yóò tẹ̀lé òkìtì ife láti ọjọ́ tí wọ́n bá dà á títí dé ọjọ́ tí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé ó jẹrà tán. Ẹlẹ́rìí Òkìtì lorúkọ rẹ̀. Ẹni náà á ní àga nínú ọ́fíìsì. Á ní ẹ̀wù funfun. Kò ní máa yí òkìtì mọ́. Ó ní òun á sọ ẹni náà fún wa lọ́jọ́ Ajé.

Mo ti lo ọdún mẹ́tàlélógún níbẹ̀ nígbà yẹn. Àbúrò mi ti lo mẹ́fà. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Mo fọ ẹ̀wù mi, mo lọ̀ ọ́, mo gé èékánná mi. Lọ́jọ́ Ajé mo dúró níwájú.

Màdáámù ní, "Mo ti rò ó. Ajílẹ̀ ni."

Ìyá Alásẹ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Àbúrò mi ní, "Màdáámù, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Wọ́n mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ."

"Mo mọ̀. Bàbá Ọ̀pá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yìí, ojoojúmọ́ ni ìwé kíkọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lẹ́nu yín pé ẹ̀yin àti ìwé ò jọ mu omi."

Mo ní, "Ìwé kì í mú òkìtì gbóná."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìwé làwọn wolé-wolé ń kà. Wọn ò ní ọ̀pá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu mi bí òróòro.

Ilé kan náà la ń gbé, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Kò ní ìyàwó mọ́; tiẹ̀ ti kú. Ìyàwó mi ló ń bá a dáná. Ọkọ mi ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ti ń pe àbúrò ọkọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè é bẹ́ẹ̀, etí mi ò gbọ́ ọ rí. Láti ọjọ́ tó gba ẹ̀wù funfun ni etí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Ìyàwó mi ní, "Ọkọ mi, ẹ yí padà kí n rí i. Háà! Ẹ dà bíi dókítà!" Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ó ti funfun jù. Òkìtì ò mọ funfun."

"Owú lẹ ń jẹ ni? Àwa obìnrin ni wọ́n mọ owú mọ́. Ẹ fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wa?"

"Owú kí ni? Ọmọ tí mo gbé kọ́rùn."

"Ẹni téèyàn bá gbé kọ́rùn, ṣebí òun náà ló máa ga juni lọ."

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a. Ní ìparí oṣù, ó ra bàtà òjò tuntun fún mi. Mi ò wọ̀ ọ́. Mo ní ó há mi lẹ́sẹ̀. Kò há mi.

Ife bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àpò lórí àpò. A da òkìtì àkọ́kọ́. Ìlàjì ìdọ̀tí tútù, ìlàjì koríko àti ife. Wọ́n fún àbúrò mi ní ẹ̀rọ gígùn kan tó ń sọ iye ooru. Láràárọ̀ á tì í bọ inú òkìtì, á kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà á wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mélòó lẹ kà lónìí?"

"Àrún."

Á kọ ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni.

Ó pé oṣù mẹ́ta, a sẹ́ ẹ. Èyí tó já sílẹ̀ dúdú, ó rọ̀, kò sí ife nínú rẹ̀. Àbúrò mi bọ ọwọ́ sí i, ó fi ìka wá a káàkiri, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé pé ó jẹrà tán. Ọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníife, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó bọ àbúrò mi lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Apá ọ̀tún mi wà níbẹ̀, àti bárò mi. Ojú mi ò sí níbẹ̀.

Èmi ni mo wà lókè níbi tí asẹ́ wà, lọ́dọ̀ Ìyá Alásẹ́. Mo rí ohun tó kù lórí asẹ́. Ara ife ti jẹrà. Ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀, ibi tí wọ́n ká kó lè le, tí ètè ń kàn, kò jẹrà. Ó wà níbẹ̀ róbótó róbótó láàárín egungun àti kóró. Kò pọ̀. Mi ò rò ó. Mo tì í lọ sínú òkìtì kejì bí a ti ń ṣe.

Nígbà tí a sẹ́ ìkejì, ó ti pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á. Ìwé tí àbúrò mi ń fọwọ́ sí bi í pé kí ló wà nínú ajílẹ̀. Kò bi í pé kí ló wà lórí asẹ́. Òun náà kò gbójú sókè wò ó. Kí ló dé? Nítorí èmi ni mo kọ́ ọ pé ti orí asẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí, ìyá òkìtì ni. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ará ọgbà wa ì bá ti bèèrè. Ará ọgbà wa kò lè bèèrè. Etí ife tó bá kọ̀ láti jẹrà nínú òkìtì kìíní, ó lọ sínú ìkejì. Tìkejì lọ sínú ìkẹta. Àbúrò mi dúró nísàlẹ̀, ó ń kọ ọ́ pé ó jẹrà tán, ó jẹrà tán. Èmi ni mo sì ń ti bárò.

Nígbà tí a sẹ́ ìkẹta, Ìyá Alásẹ́ fi ọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ etí ife kan.

"Bàbá Ọ̀pá, ẹ wo òrùka ìgbéyàwó. Mélòó lẹ fẹ́ fẹ́?"

"Dà á sínú bárò."

"Kò jẹrà o. Ti àkọ́kọ́ wà nínú ẹ̀, tìkejì wà nínú ẹ̀. Ṣé Ajílẹ̀ mọ̀?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni n óò sọ fún un."

"Lónìí o."

"Mo ní n óò sọ fún un."

Mo fẹ́ sọ fún un lóòótọ́. Mo wọlé nírọ̀lẹ́, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dìde fún mi. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Ìyàwó mi wá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé tíì lọ́wọ́. Ó kọjá lára mi. Ó ní, "Ọkọ mi, ó gbóná, ẹ rọra." Ó gbé e fún un. Ó wá yíjú sí mi, ó ní tèmi wà lókè.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo gòkè lọ mu tíì mi. Ó ti tutù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màdáámù tún kó wa jọ. Ó ní wolé-wolé ń bọ̀ láti wá wo òkìtì ife fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bí ohun tí wọ́n bá rí bá yàtọ̀ sí ohun tí Ẹlẹ́rìí Òkìtì fọwọ́ sí, kí ẹ̀yin oníṣẹ́ mọ̀ o, ẹlẹ́rìí yẹn á kúrò. A ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀." Mo rò pé èmi ló wò nígbà tó sọ ìyẹn. Ó lè jẹ́ ògiri ló wò.

Ọjọ́ méje ni mo ní láti fi sọ̀rọ̀. Méjèèje ni mo lò tán. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí, "Ẹ̀gbọ́n mi, mélòó lẹ kà?" Ojoojúmọ́ ni mo ń ní, "Àrún."

Wolé-wolé dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, ó kúrú, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkùnrin oníife náà bá a wá pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀. Àbúrò mi mú wọn yíká. Ó fi ajílẹ̀ hàn wọ́n, ó fi ìwé hàn wọ́n. Wolé-wolé bu ajílẹ̀ sọ́wọ́, ó fọ́n ọn, ó ní, "Ó dára." Ó mú bírò jáde.

Mo ní, "Ẹ dákun, sà. Ẹ bi Ẹlẹ́rìí Òkìtì ibi tí èyí tó kù lórí asẹ́ ń gbà lọ."

Gbogbo wọn wò mí. Àbúrò mi ní, "Inú òkìtì tuntun ni, sà. Ìyá òkìtì ni. A máa ń fi tàná pọn..."

Mo rí i nígbà tó yé e. Ojú rẹ̀ ṣe bí ti ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá àtẹ̀gùn tì.

Ó mú fọ́ọ̀kì, ó lọ sídìí òkìtì kẹrin, ó sì la inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun náà lọ́rùn. Èéfín ooru ń jáde. Ó kó ẹ̀kún bárò kan, ó tì í wá, ó dà á sórí asẹ́. Ó mì ín. Etí ife láti inú òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìṣáájú kún orí asẹ́ pìtìmù.

Ìyá Alásẹ́ kò wo asẹ́. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Bàbá Ọ̀pá. Ẹ ò sọ fún un ni?"

Àbúrò mi gbọ́ ọ. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Àbúrò mi gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wolé-wolé. Ó fa ìlà sórí orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Irọ́ ni mo fọwọ́ sí, sà. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Irọ́ náà ni."

Inú mi dùn. Mi ò ní fi pamọ́. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin oníife ti ń rò ó ní tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ife wa ń jẹrà. A ti dán an wò kó tó jáde. Bí ibi tí wọ́n dà á sí bá ti gbóná tó, á jẹrà. Òkìtì tiwọn ló tutù. Ẹ̀bi ọgbà ni, kì í ṣe tiwa. A ó wá ibòmíràn."

Àbúrò mi ṣí ìwé ooru rẹ̀ fún wọn. "Ẹ wò ó, sà, ojoojúmọ́ ni..."

Ọkùnrin oníife náà ní, "Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní irọ́ lo fọwọ́ sí? Ìwé rẹ yẹn náà la fẹ́ gbà gbọ́?"

Àbúrò mi pa ìwé dé. Màdáámù káwọ́ lérí. Bí òkìtì bá tutù, iṣẹ́ ife ti lọ nìyẹn, orúkọ ọgbà ti bàjẹ́, àbúrò mi sì ti kúrò.

Ọkùnrin náà wá kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ là wá lójú. Àgbà ni yín, ẹ ti pẹ́ níbí. Irú yín ló yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí láti ọjọ́ yìí. Ẹ bá wa sọ òótọ́. Òkìtì wọ̀nyí ò gbóná tó, àbí?"

Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti yan Ẹlẹ́rìí Òkìtì wà nínú ọ̀rọ̀ méjì. Kò gbóná. Kí n sọ ọ́ kí n pa ẹnu mi dé. Àbúrò mi ò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìfẹ́ àbúrò ló ṣe é. Mo mọ ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìfẹ́. Ohun tí mo rò ni pé: ta ló mú òkìtì yẹn gbóná? Ta ló ń bomi rin ín? Ọwọ́ ta ni irin ń jó láràárọ̀? Kí n wá dúró lójú gbogbo èèyàn, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, kí n ní òkìtì mi tutù? Kí n bàa lè jókòó sórí àga? Owú mi pọ̀, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Òkìtì ta ló tutù? Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ná, Bàbá..."

"Mo ní ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí o bá lè kà dé ẹ̀wá, ìwọ lo sọ òótọ́, mo sì jẹ́ òpùrọ́."

Kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wo apá ẹ̀wù rẹ̀. Wolé-wolé ló bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ti ọwọ́ bọ ibi tí àbúrò mi là. A gbọ́ tó ń kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ó fa ọwọ́ yọ, ó ń jù ú bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ bù jẹ.

Ó ní, "Ó gbóná."

Ìyá Alásẹ́ ní, "Ẹ kú ewu o, sà. Ẹ ò dúró gba àrún."

Wolé-wolé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Ó yíjú sí ọkùnrin oníife. "Òfin ò ní kí ife yín jẹrà níbi tí ẹ ti dán an wò. Ó ní kó jẹrà níbi tí ẹ kó o wá. Ibí yìí gbóná. Etí yẹn, tiyín ni. Ẹ wá ṣà á kúrò nínú gbogbo òkìtì wọn, ẹ kó o lọ. Ẹ tún ife yín ṣe. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ̀yin lẹ ó máa gba àwọn tí yóò máa ṣà á." Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin oníife náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajílẹ̀ ti ba bàtà rẹ̀ jẹ́.

Màdáámù ní, "Ní ti ẹlẹ́rìí, sà, mo ti sọ pé..."

Wolé-wolé ní, "Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì rí ẹni tó fa ìlà sórí orúkọ ara rẹ̀ kí n tó ní kó fà á. Ẹ fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ẹnì kejì tí yóò máa wà lókè asẹ́. Kí àwọn méjèèjì jọ máa fọwọ́ sí i."

Màdáámù ní, "Ajílẹ̀, mú ẹni tó o fẹ́."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ìyá Alásẹ́ pàápàá sún sẹ́yìn. Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Mo rò pé, lẹ́yìn ohun tí mo sọ nípa ooru, kò lè ṣe kó má mú mi.

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó wọn níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí nǹkan lónìí, tó sì máa sọ ọ́ lónìí, ni mo fẹ́. Ìyá Alásẹ́ ni mo mú."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ká ní ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

A jọ rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn bí a ti ń ṣe. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, ó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti òkìtì kejì."

Ó mi orí. A tún rìn díẹ̀.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́ nípa ooru."

"Kì í ṣe nítorí rẹ."

"Mo mọ̀," ló wí.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn oníife kó èèyàn wá. Wọ́n jókòó yí asẹ́ ká, wọ́n ń ṣa etí ife sínú àpò. Ìyá Alásẹ́ kò fọwọ́ sí ìwé rí láyé rẹ̀. Ó tẹ orí sórí tábìlì, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń fa lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi di ìwé mú fún un kó má baà yẹ̀. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí bí lẹ́tà náà ṣe rí.

Mo dúró ti bárò mi, mo ń wò wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń jowú. Wọ́n ti di méjì báyìí.